Ìyá Àgbà Tó Ń Fi Etí Yan Sípánà

Nígbà tí a ṣe fídáù Ìyá Àgbà tán, tí àwọn àlejò ti jẹun tí wọ́n sì ti lọ, mẹkáníìkì mẹ́rin ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wa ní Clara Town, ní Monrovia. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọṣẹ fọ epo kúrò lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Mo gbé omi fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn gba ife náà, kò mu ún, ó ní, "Ta ni yóò wá máa bá ọ yan sípánà fún wa báyìí?" Mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìtìjú ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ní in. Kíláàsì kẹfà ni mo kàwé dé. Ọmọ Làìbéríà ni ìyá mi. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ẹnu Ìyá Àgbà ni mo ti gbà á, nítorí wọn kì í dá mi lóhùn bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀. N kò ní kọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, nítorí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ gbogbo ìrìn wọn láti Ìwó dé Monrovia. Irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ kọ, kí ó má bàa jẹ́ pé àwa tí a bá wọn gbé nìkan ni a mọ̀ wọ́n.

Irinṣẹ́ ni Ìyá Àgbà ń tà: sípánà, òòlù, pílásì, ayùn tí a fi ń gé irin. Bàbá Àgbà ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, gbogbo ènìyàn rò pé ìyàwó wọn yóò kó irin kúrò nílẹ̀, yóò sì máa ta aṣọ bí àwọn obìnrin yòókù. Ọkùnrin kan ní ọjà Duala ní Monrovia níbẹ̀ tilẹ̀ sọ fún wọn lójú pé irin kì í ṣe ọjà obìnrin. Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí. Ohùn irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi."

Okùn kan wà tí wọ́n so mọ́ igi àjà ìsọ̀. Bí ọjà tuntun bá dé, wọ́n á fi okùn náà gbé sípánà kọ́, wọ́n á mú ọ̀pá irin kékeré kan, wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á sì di ojú. Irin tó dára a ké tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ a sì pẹ́ kó tó tán. Irin tí kò dára a dún pọ́kọ́, a dákẹ́. Ohùn tó wà láàárín méjèèjì pọ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ wọ́n. Bí àwọn mẹkáníìkì bá ń pariwo lọ́wọ́, Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ sókè, àwọn géńdé ọkùnrin á sì dákẹ́ bí ọmọ ilé kéú. Bí Ìyá Àgbà bá la ojú, ọ̀rọ̀ méjì ni, kò sí ẹ̀kẹta: "Ó gbà," tàbí "Kò gbà."

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Àwòrán tó wà lára irin ni wọ́n fi ń pe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbogbo gáréèjì láti Clara Town dé Duala sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Alágbọ̀nrín ni sípánà Jámánì tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí lára. Ẹlẹ́ja ni èyí tó fúyẹ́, tó ń dán, tí kò sì wọ́n. Onífìlà ni pílásì kan tí ọwọ́ rẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ Kpelle àti ọmọ Bassa, ẹ̀yà Làìbéríà, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan á dúró síwájú ìsọ̀, wọ́n á ní, "Ol' Ma, gimme one Alágbọ̀nrín, number seventeen." Ol' Ma ni àwọn ará Làìbéríà ń pe ìyá tó ti dàgbà. Bí wọ́n bá ti pe àgbọ̀nrín náà tán, a ti di ẹran mìíràn, Ìyá Àgbà á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀ wọn kò gbà pé àwòrán nìkan tó. Wọ́n máa ń sọ pé, "Irin kì í parọ́. Ẹni tó kọ nǹkan sí i lára ló ń parọ́."

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í ta èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó wọ kóòtù nínú ooru, kò sì pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ níta. Ó ní òun fẹ́ kó irinṣẹ́ sí gáréèjì ilé òun, Alágbọ̀nrín nìkan ni òun sì fẹ́, gbogbo nọ́ńbà pátá.

"Mọ́tò mélòó lẹ ní?" ni Ìyá Àgbà bi í. Èmi ni mo ń bá wọn túmọ̀, pẹ̀lú ohùn mi tí kò jáde.

"Ẹyọ kan."

"Ta ní ń tún un ṣe?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì mi ni. Èmi kàn fẹ́ máa fọwọ́ kàn án ní Sátidé."

"Ẹ mú Ẹlẹ́ja mẹ́fà àti pílásì kan. Èyí tí ẹ ó fi tú táyà nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ Alágbọ̀nrín, torí ojú ọ̀nà ni táyà ti ń jò, mẹkáníìkì yín kò sì ní í sí níbẹ̀."

"Ol' Ma, owó wà lọ́wọ́ mi o!"

"Mo rí i. Ẹ fi ra bàtà fún ìyàwó yín."

Bọ̀ọ̀dá Làmídì, àbúrò bàbá mi, tí òun náà ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Rally Time Market, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di orí mú. Bí ọkùnrin náà ti ń wa mọ́tò lọ, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń tajà ni àbí ẹ̀ ń lé oníbàárà?" Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ta ní ń gun ẹṣin láti yàrá lọ sí ìdí àdògán?"

Àwọn tó ń fi iṣẹ́ mẹkáníìkì jẹun, Ìyá Àgbà le mọ́ wọn. Bí géńdé kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì fẹ́ fi owó tó ní ra Ẹlẹ́ja méjìlá tó ń dán nínú àpótí rẹ̀, wọ́n á gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Mọ́tò wo lò ń tún ṣe? Takisí Jàpáàn? Nọ́ńbà mẹ́wàá, méjìlá àti mẹ́rìnlá ló ń bọ́ irú yín. Ra mẹ́ta yẹn ní Alágbọ̀nrín, kí o lọ." Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé àwọn oníbàárà òun yóò rí àpótí òfìfo. Wọ́n á ní, "Mẹ́ta tó gbà sàn ju méjìlá tí yóò dà ọ́ nídìí ọkọ̀."

Awakọ̀ kan wà tó ní mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, èyí tí a fi ínṣì wọn gbogbo bóòtù rẹ̀. Ó fẹ́ ra nọ́ńbà mẹ́tàlá ti mìlímítà láti fi tú èyí tó jẹ́ ìdajì ínṣì. Ó ní òun ti dán an wò, ó wọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà ní kò wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà lọ rà á níbòmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbé bóòtù náà wá, orí rẹ̀ ti yí róbótó bí ẹyin, kò sí sípánà kankan nílé ayé tó lè dì í mú mọ́. Ìyá Àgbà gbé bóòtù náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi kí n rí i dáadáa. "Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, kò bá a mu."

Gbólóhùn yẹn náà ni wọ́n sọ nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta táyà wá tọrọ mi. Ó ń kírun, ó níṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn dáadáa. Ìyá Àgbà jẹ́ kó lọ tán. Wọ́n ní, "Sìlí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ mu. Mo ń wò ó. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, kì í dúró kí o parí rẹ̀." N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i.

Ẹnu wọn mú, kí n má parọ́. Wọn kì í yin ènìyàn. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ra àgádágodo tuntun kan, ó ń dán bíi fàdákà. Ìyá Àgbà kírun Alásárì tán, wọ́n yọ ọ̀pá irin wọn láti abẹ́ ìborùn, wọ́n sì kan àgádágodo náà lẹ́ẹ̀kan níṣojú gbogbo ìjọ. Ó ṣí. Wọ́n yíjú sí Ìmáàmù wa, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ń fi èyí ṣọ́ ilé Ọlọ́run?" Ọ̀sẹ̀ méjì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi bínú, ṣùgbọ́n wọ́n pààrọ̀ àgádágodo.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá jẹ́ tuntun sí wọn, wọn kì í tà á kíákíá. Wọ́n á fi ẹyọ kan sínú abọ́ omi iyọ̀ lábẹ́ ibùsùn wọn fún ọjọ́ méje, nítorí atẹ́gùn òkun Monrovia kì í jẹ́ kí irin sinmi. Bọ̀ọ̀dá Làmídì bẹ̀ wọ́n nígbà kan pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pàtẹ ọjà tuntun òun kí ọjọ́ náà tó pé, ó ní ẹni tó ń kó o wọ̀lú jẹ́ ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n ní, "Iyọ̀ kò mọ ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni."

Báyìí ni mo dé ibi tó ṣòro fún mi láti kọ.

Ó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba Làìbéríà, ní oṣù keje. Alágbọ̀nrín ti tán ní gbogbo ìgboro. Àwọn mẹkáníìkì ti ń wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo. Ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì bá rí páálí kan rà lọ́wọ́ ẹnìkan nítòsí èbúté, ó gbé e wá fún Ìyá Àgbà nínú òjò, ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Monrovia mọ̀ bí òjò oṣù keje ṣe rí. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn láìdá. Lórí páànù ìsọ̀ wa, ó dà bí ẹni tó ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti inú tipà. Kí a tó gbọ́ ara wa, a ní láti pariwo.

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà ti rọ́ sábẹ́ òrùlé, omi ń kán lára wọn. Kollie wà nínú wọn, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe, tó sì fẹ́ràn Ìyá Àgbà ju gbogbo wọn lọ. Ó ní, "Ol' Ma, mo ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátá, ọlọ́kọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ ṣàánú mi."

Ìyá Àgbà gbé ẹyọ kan kọ́. Wọ́n lù ú. Wọ́n tẹ etí sí i. Wọ́n tún lù ú. "N kò gbọ́ ọ," ni wọ́n wí, ní Yorùbá, èmi nìkan ló sì yé. Wọ́n wo àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n wo àwòrán àgbọ̀nrín tó wà lára irin, wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún. Wọ́n ní, "Alágbọ̀nrín ni. Kò já mi kulẹ̀ rí. Ó gbà."

Èmi ni mo ń fi bébà di sípánà náà fún wọn. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé òmíràn, òun náà fúyẹ́. Mo la ẹnu. Àwọn ọkùnrin náà pọ̀, gbogbo wọn ń wò mí pé kí n ṣe kíá. Mo pa ẹnu dé, mo ń dì í lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó Kollie wá. Ó gbé sípánà náà kalẹ̀ sórí káńtà, kò kí wa. Ẹnu irin náà ti ya. Kollie ti fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á mọ́ bóòtù tó le, irin là, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ gbá ara ẹ́ńjìnnì. Ìka méjì ló fọ́. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, gbogbo ibi dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Àgbà gbé sípánà náà kọ́, wọ́n lù ú. Pọ́kọ́.

Wọ́n jókòó. Wọ́n kọjú sí mi.

"Sìlí, ìwọ lo dì wọ́n. Kí ni ọwọ́ rẹ sọ fún ọ?"

"Ó fúyẹ́, Ìyá Àgbà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà."

Mo rò pé wọ́n á lù mí. Wọn kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Èmi rán etí mi níṣẹ́ nínú òjò, ìwọ sì fi ẹnu rẹ pamọ́. Àwa méjèèjì la jọ fọ́ ìka Kollie."

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sáré wá. "Ìyá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ta ló mọ̀? Mẹkáníìkì ń farapa lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lọ jẹ́wọ́ ní gáréèjì kiri, ẹ ti bà wá lórúkọ jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní ìyá tó ń yàn fún wọn kò mọ̀ ọ́n yàn mọ́. Kí la ó máa tà?"

Ìyá Àgbà ń wé gèlè wọn. "Làmídì, orúkọ a máa jinná. Lọ wo ìka Kollie."

Ilé Kollie ni a kọ́kọ́ lọ. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ fún un, àgbàlagbà obìnrin, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì sáré wá gbé wọn dìde. Lẹ́yìn náà a fi ẹsẹ̀ rìn láti gáréèjì dé gáréèjì títí dé Duala, èmi ni mo ru àpò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo: "Èmi ni mo ṣì í yàn. Dá a padà." Wọn kò dárúkọ ẹni tó ra páálí náà wá, wọn kò sì dárúkọ mi. Lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n gbà á, wọ́n fi ojúlówó àtijọ́ tó wà lára ògiri ìsọ̀ wa, èyí tí Bàbá Àgbà fi sílẹ̀, tí wọn kì í tà, rọ́pò rẹ̀, títí ògiri náà fi ku ìṣó lásán.

Ibì kan, ọ̀kan nínú wọn pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ẹ wá wò ó o! Etí Ol' Ma náà ti darúgbó!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní, "Ó ti darúgbó. Mú sípánà wá."

Ẹlòmíràn kọ̀, ó ní tòun dára, òun ti ń fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó dì í mọ́ fáìsì tó ń di irin mú, kó ki páìpù bọ̀ ọ́ nídìí, kó sì fà á níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó fà á. Irin náà ya bí iṣu tí a sè jù. Kò tún sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Gbogbo ohun tí a gbà, wọ́n ní kí wẹ́dà fi iná gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n dúró tì í títí ó fi gé èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Kí ẹlòmíràn má tún fi fọ́ ìka."

Nǹkan tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì sọ sì ṣẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó dúró síwájú ìsọ̀ wa. Àwọn mẹkáníìkì ń gba iwájú wa kọjá lọ ra irinṣẹ́ ní Rally Time, wọ́n ń kí wa láti òkèèrè bí ẹni ń kí ilé ọ̀fọ̀. Ìyá Àgbà ń gbálẹ̀ lárààárọ̀, wọ́n ń jókòó. Wọ́n rí Alágbọ̀nrín díẹ̀ rà, ojúlówó, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Làmídì wá, ó jókòó tì wọ́n, ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó aṣọ wá sí ìsọ̀ náà. Wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ọjọ́ kan tí òjò tún ń rọ̀, Kollie dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka méjì náà kò ká mọ́.

"Ol' Ma, mo fẹ́ nọ́ńbà mọ́kàndínlógún."

"Wọ́n wà lórí káńtà. Yan èyí tó wù ọ́."

"Èmi? Mo ti lọ yàn fúnra mi ní Rally Time, méjì ló ti kán. Ẹ yàn án fún mi."

Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n sì fa àga kan fún un. "Jókòó. Òjò ń rọ̀."

"Ol' Ma! Òjò yìí? Ṣé kí n sùn síbí ni?"

"Bí kò bá dá, wàá sùn síbí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. A dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. Àwọn méjì mìíràn rí i láti ojú ọ̀nà, wọ́n yà wá wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀, àwọn náà jókòó. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, òjò dá. Ìyá Àgbà gbé sípánà kọ́, wọ́n lù ú, wọ́n di ojú. Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà.

Wọ́n la ojú. Wọ́n na ọ̀pá irin náà sí mi.

"Sìlí. Lù ú, kí o sọ ohun tí o gbọ́. Sọ ọ́ sókè."

Ọkùnrin mẹ́ta ń wò mí. Mo lù ú, mo tẹ́tí títí ohùn náà fi tán, mo sì tú u kúrò lára okùn kí ọwọ́ mi náà lè gbé e wò. Ó wúwo bó ṣe yẹ. Mo ní, "Ó gbà." Ohùn mi ròkè débi pé èmi fúnra mi ta gìrì.

"Ah-ah, so the sister can talk!" ni Kollie wí. Ó fi ìka mẹ́ta gba sípánà náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò. "Ṣùgbọ́n Ol' Ma, etí yín ni mo wá bá o."

Ìyá Àgbà ti ń mú ẹyọ mìíràn fún ẹni tó kàn. Wọ́n ní, "Ènìyàn méjì ló ń yàn fún yín báyìí. Bí etí ọ̀kan bá ṣì í, ẹnu èkejì á sọ̀rọ̀."